Ìlù Kan Náà, Ohùn Méjì

Ìwé àwọn oníwàásù tàbí ìwé àdúrà la sábà máa ń yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ìjọ wa yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé ìtàn àròsọ ni mo gbé wá, ẹni tó kọ ọ́ kì í sì í ṣe oníwàásù rárá. Olùkọ́ kan nínú ìjọ wa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní lítíréṣọ̀, ló yá mi. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ka èyí, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá bá a ṣe ń ṣe é nínú ìjọ, bóyá a ń ṣe é dáadáa." Mi ò mọ ohun tó ń sọ nígbà náà. Ìgbà tí mo kà á tán ni mo tó mọ̀ pé ìbéèrè tó wúwo ló bi mí.

Grace Notes lorúkọ ìwé náà. Bernard MacLaverty ló kọ ọ́, ọmọ Belfast ní Àríwá Ireland, tí wọ́n bí ní 1942, tó sì ti kó lọ sí Scotland tipẹ́tipẹ́. Ìwé náà jáde ní 1997. Ó wà lára ìwé mẹ́fà tí wọ́n ṣà jọ fún ẹ̀bùn Booker lọ́dún náà, èyí tí Arundhati Roy ará Íńdíà gbà níkẹyìn.

Catherine McKenna ni ìtàn náà dá lé lórí. Olórin ni. Kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe olórin tó ń gbé makirofóònù kiri òde àríyá. Orin ló ń kọ sórí ìwé, kí àwọn onífèrè, olókùn àti onílù wá fi ohun èlò wọn gbé e jáde. Inú ilé Àgùdà tó le ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bàbá rẹ̀ ní ilé ọtí, ìyá rẹ̀ kì í fi Máàsì ṣeré. Òun nìkan ni wọ́n bí. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un lọ kọ́ dùùrù, gbogbo ìrètí àwọn òbí rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ó lọ sí yunifásítì ní Glasgow, ó rìnrìn-àjò dé Kiev lọ kí àgbà olórin kan, ó ń gòkè bọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé ní Islay, erékùṣù kan ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. Ibẹ̀ ló ti bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave pàdé. Wọn ò ṣègbéyàwó. Ó lóyún, ó bí ọmọbìnrin kan, Anna. Dave wá di ọ̀mùtí paraku, ó tún gbé ọwọ́ sókè sí i. Catherine pọn ọmọ rẹ̀, ó fi erékùṣù náà sílẹ̀. Gbogbo àkókò yìí, àwọn òbí rẹ̀ nílé ò mọ̀ pé àwọn ti ní ọmọ-ọmọ.

Ibi tí òǹkọ̀wé yìí ti ṣe bẹbẹ ni bó ṣe to ìtàn rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Apá méjì ni ìwé náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ló sì fi síwájú. Bí a ṣe ṣí ìwé, ìsìnkú la bá pàdé: bàbá Catherine ti kú, ó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ní Glasgow. Ó ń bá àwọn èèyàn bọ̀wọ́, wọ́n ń kí i kú ọ̀fọ̀, àṣírí rẹ̀ wà nínú rẹ̀ bí òkúta. Ìgbà tó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti bímọ, pé òun ò lọ́kọ, ẹ̀yin náà lè fojú inú wò ó. Ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ, ilé ṣì kún fún aṣọ dúdú. Apá kejì ló tó padà sẹ́yìn sí Islay, sí ìrọbí, sí ẹkún ọmọ, sí ọtí Dave. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé orin ńlá rẹ̀ jáde ni ìwé náà sì parí sí.

Kí ló dé tó fi tò ó báyìí? Èrò tèmi rèé. Bó bá tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìbànújẹ́ ni ìbá fi parí: orin yọ, bàbá kú, ìyá bínú. Ṣùgbọ́n ó gbé ayọ̀ sẹ́yìn kó lè jẹ́ òun lá a máa gbọ́ lẹ́tí wa tá a bá pa ìwé dé. Kò purọ́ fún wa o. A mọ̀ pé ìsìnkú ń bọ̀ lẹ́yìn ayọ̀ náà, a ti kà á tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ayọ̀ náà kò di irọ́ nítorí pé ìbànújẹ́ tẹ̀ lé e. Àwa tá à ń wàásù níbi òkú mọ bó ṣe ṣòro tó láti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí èèyàn sì gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ. Àwọn kan lè rò pé irú ìwé báyìí á sọ pé ọmọ ba ayé olórin jẹ́. Àwọn mìíràn, pàápàá àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì, á fẹ́ kó sọ pé bí ọmọ ṣe dé ni gbogbo ìbànújẹ́ fò lọ. Kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lẹ́yìn tó bí Anna, ọkàn Catherine wó lulẹ̀. Orin kankan ò wá mọ́. Ó ń bẹ̀rù pé òun lè fi ọwọ́ ara òun ṣe ọmọ náà léṣe. Àwọn àgbà wa mọ abísínwín, ṣùgbọ́n tèyí kì í ṣe wèrè. Orí rẹ̀ pé, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i, ìyẹn gan-an ló sì ń já a láyà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú ìwé yìí lásán wo ibí yìí. Obìnrin tó bímọ tí inú rẹ̀ ò dùn, tí kò lè sùn, tí ọmọ ń bà á lẹ́rù, ẹ má kàn sọ fún un pé kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ bá a gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sí ọsibítù. Àìsàn ni. Ó ní ìtọ́jú.

Ọjọ́ kan ni Catherine gbé ọmọ rẹ̀ rìn létí òkun, níbi tí kò sí ẹlòmíràn, ni orin bá padà dé. Kò dé bó ṣe ń dé tẹ́lẹ̀. Orin tó ń kọ kó tó bímọ jẹ́ ti ọmọ ilé ìwé tó mọ̀wé, tó fẹ́ kí àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Èyí tó wá lẹ́yìn ọmọ tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ, tí mo sì gbà pé òótọ́ ni, ni pé àlá rẹ̀ ò kú, ó yí padà. Tẹ́lẹ̀ ó lè jókòó sídìí dùùrù láti àárọ̀ di alẹ́. Ní báyìí, àárín ìgbà tí ọmọ bá sùn sí ìgbà tó bá jí ló kù. Ó dín ní àkókò, ó lé ní ìjìnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé kò dá ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ kan ní Glasgow gbà á sílé, wọ́n ń bá a mú ọmọ. Bí kò bá sí àwọn wọ̀nyẹn, kò sí orin. Mo fẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, torí màá padà síbẹ̀.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú ìwé náà ni ọ̀rọ̀ ìlù. Ìlù kan wà ní Àríwá Ireland tí wọ́n ń pè ní Lambeg. Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bò ó, pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń lù ú, ariwo rẹ̀ sì ń dún dé òkèèrè. Ìlù àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ni. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń yan kiri fi ṣe ìrántí ogun Boyne ti 1690, níbi tí ọba Pùròtẹ́sítáǹtì ti ṣẹ́gun ọba Àgùdà. Nígbà tí Catherine wà ní kékeré, òun àti bàbá rẹ̀ gbọ́ tí wọ́n ń lu ìlù yìí, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ kó yé e pé torí àwọn ni wọ́n ṣe ń lù ú, kí àwọn Àgùdà lè mọ ẹni tó ni ìlú. Ìbẹ̀rù àti ìkórìíra ni ìlù náà jẹ́ létí ọmọ náà.

Nígbà tó wá kọ orin ńlá rẹ̀, ìlù yìí gan-an ló pè wọnú rẹ̀. Vernicle ló pe orin náà, ìyẹn àmì tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ láyé àtijọ́ máa ń fi sára aṣọ láti fi hàn pé àwọn ti débẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìlù Lambeg wọlé, ó tẹ gbogbo ohun èlò yòókù mọ́lẹ̀, bí ogun tó wọ̀lú. Ìgbà kejì tó wọlé, ìlù kan náà ni, àwọn onílù kan náà, ọwọ́ kan náà, ṣùgbọ́n orin tó yí i ká ti yí padà, ìlù náà sì di ayọ̀. Nǹkan kan náà di nǹkan méjì.

Ẹ̀yin ará Kàdúná, ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún wa? Lẹ́yìn rògbòdìyàn 2000, ọ̀pọ̀ Kristẹni kó lọ sí gúúsù odò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá. Àwọn Yorùbá wa pàápàá, tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti ń jẹun nínú àwo kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, bẹ̀rẹ̀ sí í wo odò yẹn bí ààlà. Látìgbà náà, ohùn kan lè jẹ́ ìyìn létí ẹnì kan, kó jẹ́ ìbẹ̀rù létí aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tiwa náà ńkọ́? Nígbà míì tá a bá gbé e sókè ní ìṣọ́ òru, ṣé Ọlọ́run là ń kọrin sí àbí a fẹ́ kí òdìkejì mọ̀ pé a wà níbẹ̀? Ìwé yìí jáde ní 1997, ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní Belfast ní oṣù kẹrin 1998, lẹ́yìn tí ó lé ní 3,500 èèyàn ti kú nínú ìjà náà. MacLaverty ò ṣe wàásù àlàáfíà kankan. Ó kàn ní kí ọmọ Àgùdà kọ orin fún ìlù àwọn tó ń dẹ́rù bà á. Ó tó.

Mo ní àríwísí díẹ̀. Àkọ́kọ́, Dave ò kún tó. Ọ̀mùtí ni, ó ń lu obìnrin, ó tán. A ò rí ohun tó mú Catherine fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti fi bímọ fún un. Ẹni tó bá ti gba àwọn tọkọtaya nímọ̀ràn mọ̀ pé àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa ń ní ẹ̀rín, wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n sọ. Ìkejì, níbi tó ti ń ṣàlàyé orin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn jù, ẹni tí kò mọ tónìkì sọ́fà á sùn lọ. Ìkẹta ló dùn mí jù. Catherine ò gbàgbọ́ mọ́, orin ló fi rọ́pò ìgbàgbọ́. Nínú gbogbo ìwé náà, ìjọ ò ràn án lọ́wọ́ níbì kankan. Ibi tó ti kúrò ni ìjọ jẹ́, ohun tó ń fara pamọ́ fún. Mo kọ́kọ́ bínú sí òǹkọ̀wé nítorí ìyẹn. Mo ní, kí ló dé tí kò fi pásítọ̀ tàbí fadá kan síbẹ̀ tó gbé ọmọ yẹn mọ́ra? Nígbà tí mo rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ìbínú náà yí padà sọ́dọ̀ èmi fúnra mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, ní ìjọ kan tí mo ti sìn kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ohùn òkè ló ń kọ. Bó bá gbé orin, àwọn arúgbó á ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó ti gba fọ́ọ̀mù láti lọ kọ́ṣẹ́ orin. Ló bá lóyún. A pe ìpàdé, a gba aṣọ akọrin lọ́rùn rẹ̀, a ní kó lọ máa jókòó lẹ́yìn. Èmi ni mo fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun ló ń tẹ kíbọọ̀dù. Ó tẹ ẹ́ lọ́jọ́ Àjíǹde, ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí ọmọbìnrin náà bímọ, ìjọ ò lọ síbi ìkómọ. A ní òwe tá à ń sọ nígbà náà: ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. A sọ ọ́ bí ẹni pé inú Bíbélì ló wà.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo tún rí i lọ́jà, ó ń ta ata àti tòmátì. Ọmọ rẹ̀ ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi èènì sí ọjà mi. Mo bi í bóyá ó ṣì ń kọrin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pásítọ̀, ta ló ń fún èèyàn láyè?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo san owó mi, mo lọ.

Catherine inú ìwé rí ọ̀rẹ́ tó bá a gbé ọmọ, orin rẹ̀ sì jáde. Ọmọ tiwa ò rí ẹnì kankan, bẹ́ẹ̀ inú ilé Ọlọ́run ló wà. Ìbéèrè tí olùkọ́ yẹn bi mí rèé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní Pásítọ̀ fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀ṣẹ̀. Rárá o. Àgbèrè, ẹ̀ṣẹ̀ ni, màá sì tún wàásù rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ìbáwí dára, òbí tí kò bá ọmọ wí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbáwí tó mú obìnrin tó fi ọkùnrin sílẹ̀ kì í ṣe ìbáwí, ojúsàájú ni. Ìbáwí tí kò ní ọjọ́ tó máa parí kì í ṣe ìbáwí, lílé jáde ni. Ọmọ kì í sì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ.

Ẹ tún wò ó báyìí. Nínú Lúùkù orí kìíní, wúńdíá kan ní Násárẹ́tì lóyún kó tó wọlé ọkọ. Àwa mọ̀ pé iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Ará àdúgbò ò mọ̀. Jósẹ́fù fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Inú oyún yẹn ló sì ti kọ ọ̀kan nínú orin tó tóbi jù nínú gbogbo Bíbélì. Ká ní ìlànà ẹgbẹ́ akọrin wa ni wọ́n ń lò ní Násárẹ́tì, wọn ì bá ti gba aṣọ lọ́rùn Màríà kó tó la ẹnu. Kí ló sì ṣílẹ̀kùn fún orin náà? Ó rí Èlísábẹ́tì. Obìnrin àgbà kan gbà á sílé fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó kí i kú ayọ̀ dípò kó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Hágárì náà, ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ nínú aginjù Bíá-Ṣébà, ènìyàn lé e jáde, Ọlọ́run gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ọlọ́run ò sì fi òwe ẹni bímọ ọ̀ràn dá a lóhùn.

Mo ti gbé ohun mẹ́ta lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn díákónì wa. Bí ìbáwí bá máa wà, kó kan ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Kó ní ọjọ́ tó máa parí, kí ìjọ sì gbà wọ́n padà ní gbangba bó ṣe jẹ́ pé gbangba la ti bá wọn wí. Ìkẹta, kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá yan àwọn tí yóò máa bá abiyamọ mú ọmọ nígbà ìdánrawò akọrin. A ò tíì fẹnu kò. Àwọn kan fara mọ́ ọn, àwọn kan ní kò bá àṣà mu. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa bá wa gbé e sínú àdúrà, kẹ́ ẹ sì bá díákónì àdúgbò yín sọ ohun tó wà lọ́kàn yín.

Kí n tó gbé kálámù sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtumọ̀ àkọlé ìwé náà. Lédè àwọn olórin, grace notes ni àwọn ohùn kéékèèké tí a máa ń yà bà kí a tó bọ́ sórí ohùn gangan. A kì í kà wọ́n mọ́ iye ìlù. Bẹ́ ẹ bá yọ wọ́n kúrò, orin á ṣì pé, ṣùgbọ́n adùn á lọ. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń fọwọ́ tọ́ dùndún mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà tún jẹ́ oore-ọ̀fẹ́, mo sì rò pé òǹkọ̀wé mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn èèyàn kan wà láàárín wa tí a ò kà mọ́ iye. Wọ́n wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, wọn ò ṣí ìwé orin torí gbogbo rẹ̀ ló wà lórí wọn.

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń ta ata yẹn. Mo ní mo fẹ́ wá tọrọ gáfárà lọ́wọ́ òun àti ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ọjà. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i.